Dígí Abẹ́ Gálárì

Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Èmi Níkẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi, Àìná, ará Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lo ọdún méjìlélógún nínú láàbù yunifásítì kan tí wọ́n ti ń fọ́ kọnkéré. Àwọn olùkọ́ ń gba oyè; òun ń po sìmẹ́ǹtì, ó ń gbé bíìmù, ọ̀pá kọnkéré gbọọrọ, sábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń fi báírò ya gbogbo ibi tó bá sán sínú ìwé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri. Aago náà kò ṣiṣẹ́ rí.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọ wa kọ́ gálárì fún àwọn akọrin. Gbénró, ọmọ ìjọ tó ń ṣe ẹnjiníà l'Ékòó, ló ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà á gé ilé sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì, á wá béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà pé báwo ni kọnkéré yìí ṣe le tó. Èsì tó bá gbà ló máa fi sọ bí gálárì yóò ṣe tẹ̀ tó bí èèyàn bá gorí rẹ̀. Gbénró dáhùn bí ẹni pé kọnkéré náà kò ní sán láéláé. Kọ̀ǹpútà ní milimita mẹ́jọ péré ni yóò tẹ̀. Ni wọ́n bá gbé dígí ńlá sábẹ́ etí gálárì, wọ́n fi àlàfo milimita méjìlá sílẹ̀ láàrin wọn, kí àwọn abiyamọ lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹkún ọmọ má bàa dí ìwàásù lọ́wọ́. Èmi àti ọmọ mi olóṣù mẹ́rin wà lára wọn.

Ìyá mi wò ó. "Gbénró, kọnkéré a máa sán kí irin inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti sán, líle rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Fi ìyẹn síbẹ̀, kí o tún un ṣírò."

"Mummy, software tí gbogbo ayé ń lò ni o. Kì í purọ́."

"Lèsí ní ó purọ́? Ohun tí o bi í ló dá ẹ lóhùn."

Bàbá Simeon, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Níkẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kàwé ṣiṣẹ́ rẹ̀." Ojú tí èèyàn fi ń wo ìgbálẹ̀ ló fi wò ó. Ó dùn mí wọra.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ọjọ́ tí àwọn akọrin yóò kọ́kọ́ gorí gálárì, ìyá mi gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ Sùrájù, bíríkìlà kan ní àdúgbò Japara, kí ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ó fi òwú so òkúta rọ̀ láti etí gálárì, bí wọ́n ti ń ṣe ní láàbù, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi tó nà ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó lè rí bí gálárì yóò ṣe tẹ̀ tó. Akọrin ọgọ́ta, ìwọ̀n wọn jẹ́ àpò yanrìn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àpò náà lọ sókè.

Nígbà tí Bàbá Simeon àti Gbénró fi sáré dé, ogójì àpò ti wà lókè. "Ta ló fún yín láṣẹ?" Ìyá mi juwọ́ sí Sùrájù pé kó máa bá a lọ. Sùrájù gbé méjì sí i. Etí gálárì tẹ dígí mọ́lẹ̀, dígí ké, ó fọ́ yángá, ó ya lu àwọn àga tí wọ́n kọ "Abiyamọ" sí lẹ́yìn. Àfọ́kù kan tó gùn bí ọ̀bẹ dúró ṣánṣán nínú tìmùtìmù.

"Ó ti fọ́ náà nìyẹn," ìyá mi fi ìbínú wí. "Ẹ kó o tán."

Wọ́n kó o tán. Gálárì kò wó. Ìyá mi kò fìgbà kan sọ pé yóò wó. Òkúta ti fi milimita mẹ́tàlélógún sọ̀ kalẹ̀. Gbénró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta síbẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ló jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi.

Lọ́jọ́ ìkórè, férémù òfìfo ló wà níwájú wa. Bàbá Simeon dìde, ó ní kí ìjọ bá òun kí Ẹnjiníà Gbénró, àyẹ̀wò tó ṣe ni Ọlọ́run fi kó wa yọ. Gbénró tẹjú mọ́lẹ̀, kò sọ pé òun kọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ń ṣí ìwé orin rẹ̀ kiri. Ọmọ mi ń sùn lórí itan mi, lórí àga yẹn gan-an. Mo ki ìka bọ ihò tí àfọ́kù dá sínú tìmùtìmù, n kò sì pàtẹ́wọ́.