Remọ́kì Tó Wó Ilé Ewúrẹ́ Bàbá Mi

Nígbà tí òmìnira ṣì tuntun lọ́wọ́ wa ní Ifànyìn, ọkùnrin kan ń fẹ́ mi. Awakọ̀ ni. Ó ń kó àpò ẹ̀kùrọ́ láti Ìgólò lọ sí Àjàṣẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń fa ọmọlanke ẹrù ńlá kan lẹ́yìn, èyí tí a ń pè ní remọ́kì. Ọ̀rọ̀ kan kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde kí "Bon", ìyẹn "ó dáa" àwọn Faransé, má ṣáájú. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, á kọ́kọ́ ní "Bon", á nu ọwọ́, á tó dáhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, ó ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé ní Ìdí-Ìrókò, ó fi kun remọ́kì náà láti òkè délẹ̀, torí ó fẹ́ wá sọ tẹnu rẹ̀ fún bàbá mi. Ẹni tó bá rí i á rò pé ọkọ̀ náà ló fẹ́ gbéyàwó. Ó dé iwájú ilé wa tòun tẹrù, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ iwájú fẹ́ dúró, remọ́kì ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó tì í títí ó fi wó ilé ewúrẹ́ bàbá mi. Ewúrẹ́ kankan kò kú, àmọ́ òbúkọ wa kò gba awakọ̀ kankan gbọ́ mọ́.

Bàbá mi wo àwókù náà. "Ọmọ mi kò ní jókòó síwájú ọkọ̀ tí ẹrù ń tì lẹ́yìn," ló wí. "Tí remọ́kì rẹ bá ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí o wá." Ó dùn mí débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì awakọ̀ mi gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Bàbá mi gbé àga síta láti wòran. Iná bátìrì ni bíréèkì remọ́kì yẹn ń lò: bí awakọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, iná á gba wáyà lọ sẹ́yìn, irin òòfà tó wà nínú ẹsẹ̀ remọ́kì á fà, ẹsẹ̀ náà á sì dúró. Ó wá ẹni tí yóò máa bá a tẹ̀ ẹ́ níwájú. Mo ti dìde. Bàbá mi wò mí, mo padà jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló gòkè.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ látìgbà tí o ti ń ṣe 'Bon'."

Bátìrì ni awakọ̀ mi kọ́kọ́ fura sí, àmọ́ iná iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó tú ẹsẹ̀ remọ́kì, ó fa wáyà méjì láti ara bátìrì tààrà wá sára òòfà. Ìṣó lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sóhun tó ṣe òòfà. Ó wá mú gílóòbù kékeré kan tó ní wáyà méjì. Ó fi ọ̀kan kan wáyà tó ń gbé iná wá, ó fi èkejì kan irin remọ́kì níbi tí ọ̀dà ò dé: kò tàn. Ó fi èkejì yẹn kan irin ọkọ̀ iwájú: ó tàn.

"Iná ń dé," ló wí, kò tiẹ̀ rántí "Bon". "Ọ̀nà tó máa gbà padà ni kò rí."

Ó yọjú wo bóòtù tó de wáyà ìpadà mọ́ ara remọ́kì. Nígbà tó ń kun ún, ó ti tú bóòtù náà kí ọ̀dà lè dé abẹ́ rẹ̀, ó sì tún dè é lé ọ̀dà lórí. Iná kì í sì í gba inú ọ̀dà kọjá.

Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Àbí o rò pé màá wá yẹ abẹ́ bóòtù wò kí n tó fún ọ lọ́mọ?"

Awakọ̀ mi fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi hàn, ó sì tún bóòtù dè, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Wọ́n di ẹrù, bàbá mi jókòó tì í, wọ́n forí lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Tchaada. Ẹ̀rù bà mí. Bí remọ́kì yẹn bá tì wọ́n níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ti parí nìyẹn, bí wọ́n bá tiẹ̀ padà láàyè.

Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ̀ náà dúró gbọn-in kó tó dé àwókù ilé ewúrẹ́, fìlà bàbá mi sì fò bọ́ síwájú. Ó ṣà á, ó gbọn ún, ó sọ̀kalẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó yíjú sí mi.

"Kí lo tún ń wò? Gòkè, lọ jókòó síwájú."