Ojú Ìwé Kẹta

Ọdún kejìlélógún rè é tí Jethro Adépọ̀jù ti ń tẹ ìwé fún aráàlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ẹjọ́ ní Àkúrẹ́. Tábìlì kan, agboòrùn ńlá kan, kọ̀ǹpútà kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń fa ìlà dúdú tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́ òsì gbogbo ìwé tó bá tẹnu rẹ̀ jáde. Gbogbo ohun iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún náírà ni wọ́n ní yóò fi tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ó bi ara rẹ̀ pé ta ni ìlà yẹn pa rí, ó sì fi owó rẹ̀ sápò.

Ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sọnù ń wá, ẹni tó fẹ́ yí orúkọ padà ń wá, àwọn ẹbí tó ń pín ogún pẹ̀lú ń wá. Kì í fọkàn ka ìwé wọn; ìka rẹ̀ ló ń kà á. Bí èèyàn bá tẹ ìwé mẹ́tàdínlógún lóòjọ́, tí ẹ̀yìn ti ń ro ó láti ọ̀sán, ta ni yóò tún máa wá ìtumọ̀ kiri? Òfin kan ṣoṣo ni àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ ní: ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀, ẹnu kì í rò ó. Nítorí òfin yìí ni Akínkúnmi, akọ̀wé lọ́yà kan nígboro, fi ń gbé iṣẹ́ wá fún un, iṣẹ́ tó tó ìdajì ohun tí Jethro ń ṣe lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí Wáàsáàpù, Lọ́yà ni wọ́n ń pe Jethro, nítorí ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí òun àti wọn jọ jáde ilé-ìwé girama ní Oǹdó lọ́dún 1981 ló ní gúrúùpù náà. Àdúrà òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn náà ohun tí epo di. Kìtán tó ń ta àgbàdo ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni aláwàdà wọn. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó kọ ọ́ pé ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ àgbàdo tí òun sá sẹ́yìn ilé, ni òun bá gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Kí òun tó jókòó tán, lọ́yà ti gba owó ìjókòó. Ó ní òun ṣírò ó: ewúrẹ́ jẹ kóńgò méjì, lọ́yà jẹ mẹ́wàá; nínú àwọn méjèèjì, ewúrẹ́ ló láàánú.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Leah. Oǹdó ni Leah, tí wọ́n ń pè ní Màmá Àánú, ń gbé, ní yàrá méjì lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Oko kòkó tí ìyá rẹ̀ ti ń ro lórí ilẹ̀ bàbá náà ló ń tọ́jú, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Bàbá kú lọ́dún tó kọjá. Leah fi àwòrán ojú ìwé kan ránṣẹ́ sáàárín wọn, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

"Lọ́yà wa, bá mi wò ó. Bùròdá mi ní kí n fọwọ́ sí i láago mẹ́rin òní, kí báńkì lè tú owó Bàbá sílẹ̀. Ìpàdé kẹta rè é. Ó ti rẹ̀ mí."

Jethro ń jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́. Ó fi ojú kan wò ó, ó rí orúkọ ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n tò tẹ̀ léra, ó sì fi ìka kan dáhùn pé kò sí wàhálà níbẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i kí ó sinmi. Kìtán ní kí Màmá Àánú tètè ṣe é, kí Lọ́yà tó rántí pé òun kò tíì gbowó.

Nígbà tó nu ọwọ́ tán, tó fẹ́ pa dátà, àwòrán náà ṣì wà lójú fóònù. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ìwé náà wà láàárín iṣẹ́ Akínkúnmi, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Orúkọ ló wà ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ báńkì ní èkejì. Ní ìkẹta, gbogbo ọmọ ti fẹnu kò pé orí-ò-jorí ni àwọn yóò fi pín ilé àti oko, pé kí wọ́n ta oko náà, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀ sọ́nà mọ́kànlá.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wọn fẹ́. Ti àkọ́kọ́ bí mẹ́fà, èkejì bí mẹ́rin, ìkẹta, ìyá Leah, bí Leah nìkan. Bí wọ́n bá fi ìdí-igi pín in, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, bí wọ́n ti máa ń pín ogún olórogún láti ayé bàbá wọn, ọ̀nà mẹ́ta ni, ọ̀kan gbáko sì jẹ́ ti Leah. Ìfọwọ́sí kan yóò sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta di ọ̀kan nínú mọ́kànlá, oko yóò sì lọ.

Aago méjìlá ni nígbà tó kà á tán. Ó jókòó tì í títí di aago méjì ààbọ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Bí ìdajì iṣẹ́ bá lọ, ta ni yóò fún un ní òmíràn? Ó kọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn ó pe Leah.

"Màmá Àánú, má fọwọ́ sí ìwé yẹn kí o tó ka ojú ìwé kẹta."

"Ojú ìwé kan ni Bùròdá fún mi. Ta ló sọ fún ẹ pé ó di mẹ́ta?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, ìwọ náà lo ní kí n fọwọ́ sí i."

"Mi ò kà á nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò kà á nígbà tí o bi mí. Mo ti kà á báyìí."

Ó túmọ̀ ojú ìwé kẹta fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Leah bi í bóyá oko Màámi náà wà níbẹ̀. Ó ní ó wà níbẹ̀. Leah kò sunkún, kò sì dúpẹ́. Ó ní ìpàdé yóò di mẹ́rin nìyẹn, ó sì pa fóònù.

Jethro padà sórí gúrúùpù, ó ní kí wọ́n má ka ọ̀rọ̀ òun ti àárọ̀ sí, òun kì í ṣe lọ́yà, atẹ̀wé ni òun. Kìtán ní ẹjọ́ ti dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí Lọ́yà dá owó tí kò gbà padà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Leah kọ̀wé sí i. Ó ní òun mú kí Bùròdá ka ojú ìwé kẹta sókè lójú gbogbo wọn. Òun kò fọwọ́ sí i. Bùròdá ká ìwé rẹ̀, ó fi ìpàdé sí oṣù tó ń bọ̀, láti ìgbà náà kò sì sẹ́ni tó dá òun lóhùn nínú ilé. Ó ní òun kò dárúkọ ẹni tó sọ fún òun.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Akínkúnmi dé. Kò jókòó.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tẹ ojú ìwé kẹta yẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ bá obìnrin Oǹdó yẹn sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ mọ òfin iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Kò pariwo. Ó na fúláàṣì sí i, ó ní kí ó bá òun kó gbogbo fáìlì ọ́fíìsì àwọn sínú rẹ̀, kí ó sì pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ lójú òun. Ogóje dín méjì ni. Jethro pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ń ro ó. Nígbà tó parí, Akínkúnmi sọdá sídìí tábìlì Modúpẹ́, atẹ̀wé tó wà ní òdìkejì títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jáde nínú báàgì.

Obìnrin kan tó fẹ́ yí orúkọ padà wá dúró níwájú Jethro, ó na ìwé tó fọwọ́ kọ sí i. Jethro fa àga sún mọ́ ọn, ó ní kí ó jókòó, òun fẹ́ kọ́kọ́ kà á. Obìnrin náà wo aago, ó ní òun kò ráyè ìkàwé. Ó gba ìwé rẹ̀, ó sì sọdá lọ bá Modúpẹ́.