Onílé Tó Wá Dógò Tì Mí ní Tákíè

Òórùn èlùbọ́ àti àgbàdo gbígbẹ kì í kúrò lára aṣọ mi nígbà tí ìjọba kó ètò SAP tó sọ owó di ọ̀wọ́n wọ̀lú. Mo ti háyà ilé gbọọrọ kan ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ ọ́ di sítọ́ọ̀. Àwọn ọlọ́jà á kó àpò ẹrù wá síbẹ̀, wọ́n á sì máa san owó ìtọ́jú ẹrù lóṣooṣù. Àdéhùn nìyẹn o. Sítọ́ọ̀ kún débi pé ẹ̀gbẹ́ là á fi í wọlé, mo sì ń yan kiri bí olówó. Àpò sòkòtò mi nìkan ló mọ òótọ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú sì máa ń tì mí. Bí mo bá ti fẹ́ dárúkọ owó báyìí, ìyá elélùbọ́ á ti kúnlẹ̀: “Ọ̀gá wa, ẹ ò ní ṣòfò. Sítọ́ọ̀ yín á di mẹ́wàá.” N ó ṣe àmín, n ó tún bá a gbé ẹrù rù. Àdúrà wọn pọ̀ ju owó wọn lọ. Báyìí lèmi náà ṣe jẹ onílé lówó, bàbá arúgbó kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tòun ti ẹní àti bútà. Ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ gan-an. Ó ní òun wá dógò ni, bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́: wọn á jókòó ti onígbèsè, onígbèsè ni yóò sì máa bọ́ wọn títí owó á fi jáde. Bó bá di Jímọ̀ tí òun kò rí owó, òun á lé mi jáde, òun á gbé ilé fún ẹlòmíràn.

“Iyán ni mò ń jẹ o,” ó fi kún un. “Má gbé ẹ̀kọ wá.”

Ìyàwó mi gún iyán títí ó fi sú u, ó wá fi ọmọ odó lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ilé tí mo ti ń gún un ni mo ti gbọ́ ohùn alágbàdo kan, ará Ìrẹsà, tó wá kó ẹrù rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ìjókòó o.”

“Ìjókòó gbèsè ni. Ìwọ lo ni àgbàdo yìí? Ó mà ti pẹ́ tó ti ń sùn nílé mi. Èmi tí mo sùn sí òtẹ́ẹ̀lì n'Ílọrin, wọ́n gbowó lọ́wọ́ mi. Ṣé àgbàdo rẹ jù mí lọ ni?”

Alágbàdo rẹ́rìn-ín, ó rí i pé bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Ìyá elélùbọ́ dé, ó kúnlẹ̀, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Bàbá ṣe àmín gbogbo rẹ̀ pátá.

“Ó dáa, màmá. Bí ọjà ò bá yá, mo lè bá ọ relé kí n lọ jókòó níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin elélùbọ́ mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè.”

Ojú ẹsẹ̀ ni obìnrin náà tú etí ìró rẹ̀. Ìròyìn tàn pé ológò kan wà ní Tákíè tó ń bá èèyàn relé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn yòókù ti fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sanwó.

Mo ka owó ilé fún bàbá, mo kó ìyókù sápò, inú mi dùn pé sítọ́ọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá ká ẹní rẹ̀, ó wo àpò mi tó wú, ó wo ilé náà láti òkè dé ilẹ̀.

“Àṣé báyìí ni ilé mi ń pa owó tó, ọmọ yìí?”

Láti oṣù tó tẹ̀ lé e ló ti sọ owó ilé di ìlọ́po méjì.

Mo ti dàgbà tó bàbá náà báyìí, mo ṣì ń bá ọlọ́jà kẹ́rù pamọ́. Bí oníbàárà bá kúnlẹ̀, mo máa ń ṣe àmín rẹ̀ dáadáa, n ó sì tẹ́wọ́ de owó. Ìyẹn kò nira mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó ka owó ọ̀hún, mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wo ìta, bóyá ọmọ bàbá náà tó jogún ilé ń bọ̀.