Dókítà Rọra àti Omi Tó Wọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ìyá mi kì í lè sùn bí òjò bá ń rọ̀. Á jókòó sídìí ilẹ̀kùn, á máa wo ilẹ̀ bóyá omi ń bọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun kan náà ló sì máa ń fi dá mi lóhùn: ọjọ́ tí òun bí mi ni. Ìgbà tí Dókítà Rọra kú, tí àwa tó mọ̀ ọ́n kóra jọ sí pálọ̀ rẹ̀, ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, lẹ́nu ìyá mi, lẹ́nu nọ́ọ̀sì àgbà tó bá a ṣiṣẹ́, àti lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

Rọra kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù nìyẹn. Tó bá fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́, á ní rọra. Bí nọ́ọ̀sì bá pa ilẹ̀kùn dé gbàà, rọra náà ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kó tó fọwọ́ kan èèyàn, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tutù sí onítọ̀hún lára. Bí aláìsàn bá sọ fún un pé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń ba òun, kì í ní kó má bẹ̀rù. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù, ká sì jọ ṣe é." Àwọn èèyàn rò pé ó ń fi dá àwọn lára yá ni.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní nígbà tí ọkọ òun wà lọ́mọdé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ wẹ̀ lódò, omi sì gbé ẹ̀gbọ́n lọ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, omi tó bá ti ju ti inú korobá lọ, kì í sún mọ́ ọn. Tó bá ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà jíjìn ló máa ń gbà kó má baà gun afárá kọjá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, odò ló wà lẹ́yìn ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ìyá mi rọbí títí, ọmọ ò wálẹ̀, torí mo ti dábùú nínú rẹ̀. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tó wà nísàlẹ̀ ilé, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìdajì ara rẹ̀ sì kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ta aṣọ kan dínà níwájú àyà rẹ̀ kó má baà rí ikùn ara rẹ̀.

Wọ́n ti là á kí iná tó lọ. Ìyá mi ní òun gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sáré níta, lẹ́yìn náà lòun gbọ́ ohun kan tó ń dún bíi pé ẹnìkan ń da omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Odò ti kún àkúnya, ó ti wó ògiri ẹ̀yìn ọsibítù, omi sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó ní òun rò pé bí òun ṣe máa kú nìyẹn, ní ìdùbúlẹ̀, tóun ò lè gbé ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló ń na irinṣẹ́ sí dókítà. Obìnrin sígbọnlẹ̀ ni, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Ó ní bí omi ṣe kan bàtà dókítà báyìí, ojú rẹ̀ yí padà, òógùn bò ó níwájú orí. Ẹnìkan ti tan tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ dókítà, ọwọ́ náà sì dúró, kò lọ, kò bọ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni dókítà wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ má jẹ́ kí n wo ilẹ̀. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Ohunkóhun. Ẹ ṣáà má dákẹ́."

Nọ́ọ̀sì ní gbogbo àdúrà tóun mọ̀ ló ti fò lọ. Ohun tó wá sí òun lẹ́nu ni ìjà tí òun àti ìyá ọkọ òun jà láàárọ̀ ọjọ́ náà lórí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: bí ìyá ṣe ní ẹni tí ò lè ṣọ́ ìkòkò kan, báwo ló ṣe ń ṣọ́ odidi aláìsàn, bí òun náà ṣe fèsì pé àwọn aláìsàn òun kì í ṣí ìdérí ìkòkò wò lẹ́yìn òun bíi ti ìyá. Dókítà ń ṣiṣẹ́. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó dé orúnkún, bẹ́sìnì kan ń léfòó káàkiri inú yàrá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti dánu dúró, ọwọ́ dókítà náà á dúró, á ní, "Kí ni ìyá wá sọ?" Ìyá mi ní nínú ìbẹ̀rù yẹn, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa òun.

Wọ́n fà mí jáde, mo ké. Dókítà rán ikùn ìyá mi pa, kò kánjú. Àwọn ọkùnrin tó máa ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn gbé e lé èjìká, wọ́n sì gba àtẹ̀gùn lọ sókè, ẹni tó gún ìyá mi lábẹ́rẹ́ sì gbé èmi mọ́ àyà tẹ̀lé wọn.

Ó wá ku dókítà àti nọ́ọ̀sì. Omi ti dé itan. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, kò lè tú u sílẹ̀ mọ́. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó máa lọ, pé ẹsẹ̀ òun ò gbọ́ tòun mọ́, pé òun ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n òun nínú omi náà. Nọ́ọ̀sì ò bẹ̀ ẹ́. Ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn, sà. Gbogbo ọmọ mi ni mo pọ̀n, kò sí èyí tó já bọ́. Ẹ dijú yín."

Ó pọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ gígùn dókítà ń wọ́ nínú omi lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú àtẹ̀gùn gan-an, omi já ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì gbà, ó wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó wọ̀ ọ́ nímú. Ó ní òun gbà pé ó ti parí. Irin àtẹ̀gùn lọwọ́ rẹ̀ bà, ó sì fi tìpátìkúùkù gòkè, dókítà sì ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn bí ọmọ ọwọ́.

Àwọn èèyàn rò pé ojú máa ti dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀ kiri. Bí nọ́ọ̀sì bá ń kọjá, á nàka sí i fún àwọn aláìsàn, á ní, "Ìyá tó pọ̀n mí rèé." Nígbà tí wọ́n tún ọsibítù ṣe, ìyàwó rẹ̀ fi omijé bẹ̀ ẹ́ pé kó gba iṣẹ́ síbòmíràn. Ó kọ̀, ó ní ta ló máa dúró ti àwọn aboyún. Inú yàrá yẹn náà ló padà sí. Bí òjò bá ṣú, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ aṣọ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì á sì ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ọkọ òun bá jáde nígbà òjò, òun kì í lè jẹun títí á fi wọlé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ikú bá a, lórí àga, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Orí òkè ni wọ́n sin ín sí. Ìyàwó rẹ̀ ló yan ibẹ̀, níbi tí omi ò lè dé.