Pátákó Tí Wọ́n Kùn Bí Òkúta fún Bàbá Afẹ̀yìnrìn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin kan já sínú ihò tí ìjọba ìlú yìí fúnra rẹ̀ gbẹ́, tó sì fúnra rẹ̀ fi pátákó fẹ́lẹ́ bò. Ihò náà jìn tó ènìyàn méjì tó dúró lé ara wọn lórí. Ní Ọjọ́bọ̀, ó kú nílé ìwòsàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn àlejò ìlú ti ṣe ìwádìí tán, wọ́n ti kọ ìròyìn, wọ́n ti lù ú ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gba oṣù méje kó tó pààrọ̀ gílóòbù kan tó jó lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n yára bí wọ́n bá fẹ́?

Ìròyìn náà kò ju ojú ewé kan àtààbọ̀ lọ. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo wa kà: "Olóògbé kò wo ibi tó ń lọ, nítorí pé ó yàn láti máa fi ẹ̀yìn rìn."

Ó yàn, ni wọ́n wí.

Bàbá Afẹ̀yìnrìn ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún méjìlélógún ló fi ń mú àlejò àti ọmọ onílé rin àárín ìlú, tó ń fi ojú ilé àti ojú títì ṣàlàyé bí ìlú wa ṣe yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó máa ń fi ibi tí odi ìlú wà kí wọ́n tó wó o hàn wá. Ó máa ń fi ibi tí odò tó ń rùn ń gbà kọjá hàn wá, kí wọ́n tó fi bíríkì bò ó, tó fi di gọ́tà ńlá abẹ́ ilẹ̀. Ó mọ irínwó ilé ó lé méjìlá tí wọ́n wó kí Ọ̀nà Gbọọrọ tó ráyè kọjá, ó sì lè sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ibi ìdúró mẹ́sàn-án ni ìrìn náà ní, ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ogóje.

Mo ka ìṣísẹ̀ náà fúnra mi. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo lọ, torí ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn kì í gbowó. Ohun tí mo bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, n kì í retí ohun púpọ̀ níbẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n kọ sí ara ìwé. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni bàbá fún wa, kò sì sí ẹni tó wo aago.

Ta ló wá kọ́ ọ láti fi ẹ̀yìn rìn? Ilé-iṣẹ́ yìí ni. Ní ọdún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn bí gbogbo ayé ti ń rìn. Àlejò kan lọ fẹjọ́ sùn pé òun kò gbọ́ ohun tó ń sọ, pé ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni òun sanwó wò. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó padà, wọ́n fún un ní ìwé ìtọ́ni. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ewé keje: "Afinimọ̀nà kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí àlejò nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, ì báà dúró, ì báà máa rìn." Ẹ sọ fún mi, ẹni tó ń ṣíwájú, tó ń sọ̀rọ̀, tí kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí àwọn tó ń tẹ̀ lé e, báwo ni yóò ṣe rìn? Ṣé kó máa fò ni?

Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ju bí ẹlòmíràn ti mọ ìrìn iwájú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń wà lẹ́yìn. Àwọn àlejò rò pé ìwà àgbà ni. Ìṣirò ni. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, á ká ìka kan. Láti ibi ẹ̀rọ omi àtijọ́ sí ọjà onírin, ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta: ìka mẹ́fà, ó lé mẹ́ta. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀tàn, ìka rẹ̀ ń ka ilẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ aṣebàtà lọ́jọ́ tó gbé bàtà rẹ̀ wá.

"Bàbá," ni aṣebàtà wí, "bàtà gbogbo èèyàn, gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbó. Tiyín, iwájú ló ń gbó. Àbí ìyá ilé ló ń lé yín bọ̀, tí ẹ ò fẹ́ gbójú kúrò lára igi ọwọ́ wọn?"

"Ìwọ ṣáà kàn án kó le," ni bàbá dá a lóhùn. "Iwájú ni kí o fi awọ tuntun sí. Má fi awọ ṣòfò sí gìgísẹ̀, n kì í lò ó."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kò wo ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ihò ṣe débẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ṣí ilẹ̀ láàárín ẹ̀rọ omi àtijọ́ àti ọjà onírin, torí pé bíríkì gọ́tà ńlá ti ń já wálẹ̀. Wọ́n ṣe ohun tó yẹ: igi ìdènà mẹ́rin, okùn pupa yí i ká. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni ayẹyẹ àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ṣí Ọ̀nà Gbọọrọ. Àwọn ọlọ́lá yóò kọjá níbẹ̀, oníròyìn yóò ya fọ́tò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ àlejò wo igi ìdènà, ó ní yóò ba fọ́tò jẹ́. Wọ́n kó o kúrò. Wọ́n fi pátákó bo ihò, wọ́n sì pe akunlé.

Mo wá akunlé náà rí. Kò sá fún mi.

"Wọ́n ní kí n kùn ún kó jọ òkúta ilẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo po ọ̀dà kó tó bára mu. Mo tún fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà sí i níbi tí òkúta ti máa ń pàdé ara wọn. Ẹ̀yin gan-an, ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́."

"O ò bèèrè ẹni tó máa kìlọ̀ fún àwọn èèyàn?"

"Mo bèèrè. Wọ́n ní ìyẹn ò kàn mí, pé láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa gbé e kúrò. Akunlé ni mí, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n bá ní kí n kùn ni mò ń kùn." Ó wá fi kún un: "Bàbá yẹn mú àwọn ọmọ mi rìn rí. Kò gbowó lọ́wọ́ èyí àbúrò."

Wọ́n dá ìrìn bàbá dúró láti ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di ọjọ́ Ajé, kí ọ̀nà lè mọ́ tónítóní. Wọn kò sọ ti ihò fún un. Wọn kò pè é síbi ayẹyẹ. Igba àga ni wọ́n tò, ẹni tó fi ọdún méjìlélógún ròyìn ọ̀nà náà kò rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ṣé ẹ wá fẹ́ mọ bí àwọn ọlọ́lá ṣe kọjá láì já sínú ihò? Wọ́n fi ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba apá ọ̀tún." Ẹni mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló gba apá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka àga, igba náà pé. Wọ́n ní kí oníbọ̀wọ́ funfun máa lọ sílé rẹ̀. Pátákó nìkan ni wọ́n gbàgbé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé wọn ò mọ̀. Ẹni tó fi èèyàn ṣọ́ ihò fún ọlọ́lá mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ afinimọ̀nà náà jẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn.

Àlejò mọ́kànlá ló tẹ̀ lé bàbá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́, sọ ọ́ fún mi báyìí: "Ó ń júwe àwọn fèrèsé kéékèèké tó wà lábẹ́ òrùlé, ibi tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń sùn. Ó ní, 'Ẹ má wolẹ̀ o, ilẹ̀ ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, òkè ni kí ẹ wò.' Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, a gbójú sókè. A gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́. Nígbà tí a máa wolẹ̀, kò sí ẹnì kankan níwájú wa mọ́."

Mo lọ ka ibẹ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi àtijọ́. Ìṣísẹ̀ kọkànléláàádọ́ta ni. Ìṣísẹ̀ méjìlá ló kù kó dé ibi tó ti máa ń ṣí fìlà, tó ń sọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tàdínlógún tí ilẹ̀ ya lù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà ńlá. Òun nìkan ló ń rántí wọn nínú ìlú yìí. Ó ti wá ìwé àtijọ́ jáde, níbi tí ìjọba ìgbà náà ti kọ ìdí ikú gbogbo wọn sórí ìlà kan ṣoṣo: "Àìkíyèsára." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé pé kí wọ́n fi òkúta ìrántí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjà onírin fún wọn. Wọ́n ní kò sí àyè. Òkúta tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níbi ayẹyẹ ọjọ́ Ajé gùn tó ilẹ̀kùn, orúkọ ọlọ́lá mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀. Àwọn òkú ìgbà náà jẹ̀bi ikú ara wọn, afinimọ̀nà wọn náà jẹ̀bi tirẹ̀. Bí ìjọba bá yí padà ní àádọ́jọ ọdún, ó dájú pé kálámù rẹ̀ kò yí padà.

Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pè pé kó wá gba ẹrù ọkọ rẹ̀: fìlà, báàjì, kọ́kọ́rọ́ àpótí. Aránṣọ ni. Mo bá a lọ. Akọ̀wé kan, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ti ìwé kan síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ ṣáà fọwọ́ sísàlẹ̀ níbí."

Ìyá fi awò sójú. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí òwú ti tú. "Ọmọ mi, o kà á kí o tó ní kí n fọwọ́ sí i?"

"Ìwé ẹrù ni, mà."

"Ẹrù ló wà lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n ní mo gbà pé ọkọ mi ò wo ibi tó ń lọ."

"Màmá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ dà?"

"Wọ́n wà ní ìpàdé."

"Nígbà náà, kí fìlà náà dúró dè wọ́n."

Ó wá fa ìwé pélébé kan yọ nínú àpò rẹ̀. Ara ẹ̀wù bàbá ló ti rí i nílé ìwòsàn. Ohun tí a kò mọ̀ nìyí, àwa tí a pè é ní Afẹ̀yìnrìn: láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ tó bá níṣẹ́, bàbá máa ń kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà tán, ní iwájú-iwájú, òun nìkan, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó ń wo bóyá òkúta kan ṣí tàbí gíláàsì kan fọ́ sílẹ̀. Á wá kọ ohun tó rí. Ọdún méjìlélógún, ìwé mẹ́rìnlélógójì. Ìlà tó kẹ́yìn ni ìyá náà fi ìka sí fún akọ̀wé: "Ìṣẹ́gun, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti rìn ín. Ojú ọ̀nà dára."

Ó wò. Ó fi ojú méjèèjì wo ibi tó ń lọ, wákàtí mẹ́ta kó tó lọ. Òkúta ló rí, torí pé wọ́n sanwó fún ẹnì kan kó lè rí òkúta.

Akọ̀wé wo ìwé náà títí. "Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "wọn ò ní ká gba irú èyí."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí síwá, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn. Igi ìdènà mẹ́rin àti okùn pupa wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ná wọn ní ohunkóhun mọ́ láti fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Pátákó ni wọ́n fowó rà. Ọ̀dà ni wọ́n fowó rà, àti iṣẹ́ akunlé ọjọ́ kan. Ààbò wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ewu ni wọ́n sanwó fún.

Òfin ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìròyìn irú èyí fi ń ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tì í, kò sí ẹni tó lè tún un kọ mọ́, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ọmọ bàbá yóò máa bá lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àlejò, ìyá náà kò ní fọwọ́ sí i, ẹ má ránṣẹ́ pè é mọ́. Ẹ kó ẹrù ọkọ rẹ̀ lọ fún un nílé, láìsí ìwé. Ẹ gba ìwé pélébé náà, kí ẹ kà á sétí àwọn tó ṣe ìwádìí ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ pa gbólóhùn tó ní "ó yàn" rẹ́. Bàbá kò yan nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan ló yàn pé kí igi ìdènà kúrò, tó yàn pé kí wọ́n kùn ún, tó yàn pé kí oníbọ̀wọ́ máa lọ sílé. Ẹni náà ní àga, ó ní tábìlì, ó sì ní orúkọ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.