Bí Sàídátù Ṣe Mọ Iye Tí Róbọ́ọ̀tì Kan Máa Ná Wọn

Kò sí ohun tí wọ́n máa gbé síwájú Sàídátù Odùbánjọ tí kò ní kọ́kọ́ gbé wò, kó yí i po, kó wo ìdí rẹ̀, kó tó sọ iye tí wọ́n fi ṣe é. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù ní Ajah. Òun ló máa ń sọ fún ọ̀gá wọn pé ilé báyìí, fèrèsé báyìí, iye báyìí ló máa ná wa. Àwọn káfíńtà àdúgbò a máa gbé àga wá láti fi dán an wò. Yóò gbé àga náà sókè, yóò fọwọ́ tẹ tìmùtìmù rẹ̀, yóò dárúkọ iye kan, àwọn káfíńtà á sì pariwo, torí iye tí wọ́n ná gan-an ló máa ń jẹ́, tàbí kó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà lé.

Nígbà tí Injiníà Olúwọlé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì ní Sangotẹ́dó, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á.

"Ọ̀gá, fèrèsé ni mo mọ̀ o. Mi ò mọ ohun tó ń rìn."

"Àǹtí Sàí, ẹ kà á sí fèrèsé tó lẹ́sẹ̀," ni Olúwọlé fèsì.

Róbọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ó ga tó èèyàn, ó lórí, ó lápá, ọwọ́ rẹ̀ ní ìka márùn-ún márùn-ún, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn nínú àìsàn. Ọdún mẹ́rin ni Olúwọlé àti Clement, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn onísípánà níbẹ̀, fi ṣe é.

Sàídátù gbà láti bá wọn ṣe é. Kò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ńlá fi dé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù pamọ́ nítòsí èbúté Lekki fẹ́ ogójì róbọ́ọ̀tì tí yóò máa gbé páálí. Wọ́n ní kí wọ́n mú iye wá láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àti pé bí ọ̀kan bá ti ju ogún mílíọ̀nù náírà lọ, kí wọ́n má wulẹ̀ yọjú.

Olúwọlé fò sókè. "Mílíọ̀nù méjìlá péré ni ọ̀kan máa ná wa! A ti là!"

"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo fojú bù ú ni."

Sàídátù mi orí. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún bẹ́ gẹdú. Ẹ jẹ́ ká tú u."

Clement gbé sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Olúwọlé wo róbọ́ọ̀tì náà, ó wo Sàídátù, ó tún wo róbọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ tú u."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú u. Wọ́n tẹ́ ẹní kálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì tò ó sórí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìndínláàádọ́jọ. Ìdùnnú bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú Sàídátù. Ohun tó ti ń dẹ́rù bà á látìgbà tó ti débẹ̀ ti wá di nọ́ọ̀tì, wáyà, irin àti rọ́bà, ohun tó ṣeé dì mú. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń mú un níkọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè pé: Níbo lẹ ti rà á? Tí a bá ra ti ogójì pọ̀, èló ni wọ́n máa gbà? Èló ló máa ná wa kó tó ti èbúté dé ibí, kọ́sítọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ pẹ̀lú?

Nígbà tí Clement fẹ́ tò ó padà, Sàídátù jókòó tì í pẹ̀lú aago. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló gbà.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́nà ogójì!" Olúwọlé di orí mú. "Nǹkan bí ọdún kan gbáko la máa lò nìyẹn!"

"Rárá o. Clement, jọ̀ọ́, tún ẹsẹ̀ kan tú, kó o tún un tò."

Lẹ́ẹ̀kínní, wákàtí méje. Lẹ́ẹ̀kejì, márùn-ún ààbọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́rin ààbọ̀. Sàídátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé. Ti àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ ọjọ́ èèyàn. Tó bá di ìkẹwàá, ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n."

Síbẹ̀, nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó fi ti èyí tó máa bàjẹ́ sí i, tó sì pín owó mọ́ọ̀dù tí wọ́n máa fi da ike ara rẹ̀ sí ọ̀nà ogójì, mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ló bá pàdé.

"Kò kúkú tó ogún," ni Clement wí.

"Kí la wá fẹ́ fi ra dísẹ́ẹ̀lì? Kí la fẹ́ fi san owó ilé?" ni Sàídátù dá a lóhùn.

Sàídátù ti rí ibi tí owó ń gbà jò. Ọwọ́ méjèèjì ní ẹ́ńjìnnì kéékèèké mẹ́fà mẹ́fà tó ń yí àwọn ìka, ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mílíọ̀nù mẹ́ta lórí ìka nìkan! Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa dín in kù ni kò yé ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Eleko, níbi tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rasheed, wà létí òkun, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó fa okùn kan ṣoṣo tó gba inú gbogbo òrùka tó yí ẹnu àwọ̀n ká, ẹnu àwọ̀n náà sì pa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Sàídátù dúró gbagidi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fà."

"Ṣé o ò rí àwọ̀n rí ni?"

"Ẹ ṣáà fà á!"

Rasheed fà á. Sàídátù na ìka ọwọ́ ara rẹ̀, ó ká wọn jọ, ó nà wọ́n, ó tún ká wọn jọ. Igbe ayọ̀ tó ké mú kí àwọn tó ń ta ẹja yíjú wò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, òun àti Rasheed jọ dé Sangotẹ́dó pẹ̀lú ìdì okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń mú ẹja ńlá. Olúwọlé lóye rẹ̀ kí Sàídátù tó sọ̀rọ̀ tán. Lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì kan fún ìka mẹ́rin, ọ̀kan fún àtàǹpàkò, okùn á sì máa fà wọ́n ká jọ. Rasheed ló so kókó rẹ̀. Wọ́n gbé píọ̀ wọ́tà kan sí róbọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Róbọ́ọ̀tì fún un le jù, ó sì bẹ́ pàù sójú Clement. Wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, wọ́n gbé òmíràn sí i. Róbọ́ọ̀tì ká ìka rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó di omi náà mú, ó gbé e sókè. Kò jò. Rasheed, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, fò mọ́ Olúwọlé lọ́rùn.

Mílíọ̀nù méjì kúrò lórí rẹ̀. Ó wá di mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbé iye náà kalẹ̀, Ìyáàfin Abímbọ́lá, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí náà, yẹ ìwé Sàídátù wò láti orí dé ìdí. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, àwọn ọ̀gá mi ní ká kọ́kọ́ ra mẹ́wàá ná."

Ojú Olúwọlé rẹ̀wẹ̀sì. Mẹ́wàá! Gbogbo owó mọ́ọ̀dù, mílíọ̀nù méjìlá, á já lé róbọ́ọ̀tì mẹ́wàá péré lórí, kí ọwọ́ Clement sì tó yá, iṣẹ́ á ti tán. Sàídátù kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó yí ìwé dà sẹ́yìn, ó ṣírò lórí rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Màdáámù, tó bá jẹ́ mẹ́wàá, mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún ni ọ̀kan máa ná wa, a ò sì lè tà á ní ogún ká jẹun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá san owó mọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, a máa ta ọ̀kan fún yín ní ogún náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ọgbọ̀n tó kù, a máa yọ owó mọ́ọ̀dù yẹn kúrò nínú owó yín."

Ìyáàfin Abímbọ́lá fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Ní ìdí fèrèsé, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Nígbà tí róbọ́ọ̀tì kẹwàá jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, iye tí wọ́n ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ju ohun tí Sàídátù kọ lọ. Bátìrì tó gbówó lórí ló fà á, ó sì dùn ún wọ akínyẹmí ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúwọlé ń jó káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ìyáàfin Abímbọ́lá pè wọ́n pé àwọn ti ṣetán láti ra ọgbọ̀n tó kù. Kí Olúwọlé tó gbé fóònù sílẹ̀, Sàídátù ti ń pe àwọn tó ń ta bátìrì.