Oore Tí Mo Kọ̀ Láti Kà ní Kóòtù

Ẹnu ṣì máa ń yà mí bí mo bá rántí ọjọ́ náà. Odindi kóòtù, àsíá ìjọba lẹ́yìn adájọ́, ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn péjọ nítorí ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ káyín iwájú!

Ayálégbé ni ìyá rẹ̀ nílé wa ní Ìdànrè, kí àìsàn ọpọlọ tó gbé e dé ọsíbítù. Ẹbí kankan ò yọjú. Obìnrin wẹ́fíà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, adájọ́ sì ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún ti fẹ́ pé. Bí kóòtù ò bá fi kún un, ilé ọmọ aláìlóbìí ní Àkúrẹ́ ló ń lọ.

Mo wọ aṣọ funfun tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra bàtà tuntun fọ́mọ, mo ní ó parí. Kò parí o! Adájọ́, obìnrin bíi tèmi, ní àánú nìkan kọ́ ni òfin ń wò. Ẹ̀rí ló fẹ́: pé ara ìyá ò tíì yá, àti pé ara tu ọmọ lọ́dọ̀ mi. Ti àkọ́kọ́, dókítà ti kọ̀wé. Ló bá kọjú sí mi: "Ìyá, kí lẹ ti ń ṣe fún ọmọ yìí?"

Èmi? Kí n dúró láàárín àwùjọ, kí n máa ka oore lójú ọmọ? Ìyá tó bí mi lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. A kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Mo panu mọ́. Ó tún bi mí. Mo ní, "Ọlọ́run ló ń ṣe é, Mílọ́ọ̀dù." Obìnrin wẹ́fíà ń fojú bẹ̀ mí. Adájọ́ gbé bíírò: "Bí kò bá sí ẹ̀rí, mi ò lè fi kún un o."

Àfi gbàgà tí Àlàájà tó sìn mí wá dìde. Òkìrìkà ló ń tà, ògiri kan ló sì wà láàárín yàrá wa. "Mílọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ n wí! Olóore ò gbọdọ̀ ka oore, aládùúgbò ńkọ́?"

Wọ́n fi Kùránì búra fún un. Háà! Ó ní orin ni mo fi ń jí ọmọ láràárọ̀. Ó ní nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀, mo pọ̀n ọ́n gun ọ̀kadà nínú òjò. Ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kí ọmọ má baà gbàgbé ohùn rẹ̀. Orí mi wú. Àṣé ẹnì kan ń rí gbogbo rẹ̀!

Adájọ́ fi oṣù mẹ́fà kún un. Àlàájà bú sẹ́kún, ó tún ń bú mi: "Olóríkunkun!"

Nígbà tí a délé, ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Mo ní kó bọ́ ọ, kó wá jẹun.

"Ṣé ẹ ò ní lé mi lọ mọ́?"

"Ta ló fẹ́ lé ọ?"

"Adájọ́ bi yín, ẹ ò dáhùn. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ mi mọ́ ni."

Yéè! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oore, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rẹ́rìn-ín tí àlàfo eyín rẹ̀ hàn.